Mi Ò Ní Kọ Ọ́ Pé Mo Rí Ẹ́ńjìnnì Gbà

Ilé Abọ́dúnrìn,
Ọ̀nà Èbúté,
Ìpakodò, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2009.

Rọ̀kíbátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń ta ẹja yíyan lọ́jà Olúwo. Mo nígbàgbọ́ pé orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ti fúyẹ́ díẹ̀, àti pé oògùn tí mo fi rán ọ ṣì kù nílẹ̀. Àwa náà wà níbí, ara le, oúnjẹ sì ń lọ lẹ́nu. Àlàáfíà tí mo ń tọrọ fún ọ yìí, tọkàntọkàn ni mo fi ń tọrọ ẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí o tó ka ìwé yìí lọ síwájú, nítorí inú ń bí mi sí ọ, kò sì tíì rọ̀ láti ọjọ́ Àìkú tí o ti kúrò nílé mi.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. O máa bú sẹ́kún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, kírẹ́díìtì á tán, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì kù sí mi nínú. Ìwé ò gba ìjà, kò sì gba ẹkún. Jókòó, kí o kà á débi tó parí sí, kí o má lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí ìṣe rẹ.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àárín ọ̀rọ̀ ni ìwọ bá a, Bàbá Fàósátù ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ náà ò sì gbọ́ ju ohun tí o sọ fún wọn lọ. O mọ̀ pé ọdún tó kọjá ni iléeṣẹ́ tí ọkọ mi Abọ́dúnrìn ń bá ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n máa lọ ilé, tí wọ́n sì já owó díẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ra ọ̀kadà, àwọn mìíràn fi tiwọn fẹ́ ìyàwó kékeré. Abọ́dúnrìn ní ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́, tí yóò máa kó èrò láti Ìpakodò níbí lọ sí Èkó. Ó kan ọkọ̀ náà, ó kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó gbé e kalẹ̀ sétí ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì ló kù. Orí ọkọ̀ tí kò lẹ́ńjìnnì yẹn ló wá ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa wo ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń kún tí wọ́n ń lọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òkùnkùn àárọ̀ ló fi ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ayé ẹ̀. Nígbà tó bá wọlé, tí mo bá bi í pé báwo ni ọjọ́ òní ṣe rí, yóò ní, ‘Mo rí ọ̀sà.’ Ohun tí mo fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì fún nìyẹn, Rọ̀kíbátù. Kì í ṣe fàájì.

Ẹ́ńjìnnì tuntun kọjá agbára wa. Níbi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ nípa ọjà gbàǹjo kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ń ná an kò ṣòro. Ẹni tó ní ọjà á gbé fọ́tò ẹ̀ síbẹ̀, á sì sọ ọjọ́ tí gbàǹjo á parí. Ẹni tó bá wù á sọ iye tóun lè san, ẹlòmíì á fi kún un, ẹni tí owó ẹ̀ bá ga jù nígbà tí àsìkò bá tó ló ni ọjà. Owó náà kì í lọ sọ́wọ́ ọlọ́jà tààrà o. Àwọn tó ni sáìtì ló ń dì í mú títí ẹni tó rà á yóò fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrù òun ti tẹ òun lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, di gbólóhùn tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn mú, torí òun gan-an ni ẹ wá bẹ̀ mí lé lórí.

Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń fi ẹnu dídùn tàn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí n tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́, mo máa ń ka ara ìgò oògùn náà, màá tún un kà. Lábẹ́ orúkọ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan lórí sáìtì yẹn, wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti bá a rajà rí kọ síbẹ̀, kí àlejò lè mọ irú ẹni tóun fẹ́ bá dòwò pọ̀. Mo jókòó, mo kà wọ́n. Ọ̀kan wà tó pe ara ẹ̀ ní Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi, ó gbé ẹ́ńjìnnì alábọ̀dé kan síbẹ̀, irú èyí tí Abọ́dúnrìn ń wá gan-an. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀, mo sì ti kà á débi pé ó ti há sí mi lórí: ‘Agnes ni orúkọ mi, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ẹ̀rọ tí mo rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì dára. Ọmọ ilé ire ni. Ẹ lè fọkàn tán an.’

Sọ òótọ́, ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí o bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé o ò ní rà á? Obìnrin kan láti ìlú tí wọ́n ti bí mi, tó fi orúkọ ara ẹ̀ jẹ́rìí pé ọmọ ilé ire ni ẹnì kan. Nígbà tí mo sì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́jà náà, ó fi ohùn ilé kí mi, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kíni lówùúrọ̀. Inú mi yọ́. Mo sọ fún Abọ́dúnrìn pé ọmọ wa ni.

Ọjọ́ tí gbàǹjo náà fẹ́ parí, àwa méjèèjì jọ lọ sí kafé. Ẹnì kan wà tó ń bá wa du ẹ́ńjìnnì náà. Bí a bá fi kún owó wa, òun náà á fi kún tiẹ̀. Abọ́dúnrìn ò jókòó mọ́, ó dúró sẹ́yìn àga mi, ó ń ní, ‘Fi kún un, Tẹniọlá, fi kún un,’ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ó ti rẹ̀ wá ká tó borí ẹni náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá hàn sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn onísáìtì wádìí ọ̀rọ̀, pé nọ́ńbà fóònù kan náà ni ẹni tó ń bá wa du ọjà àti ẹni tó ń tà á jọ ń lò. Lukman ọmọ rẹ ló fi orúkọ kejì wọlé, tó ń sọ owó lé wa lórí, tí ọkọ mi sì ń làágùn lórí ọjà tí kò sí ẹni tó ń bá a dù ú.

Bí a ṣe borí tán, ó kọ̀wé sí mi pé kí n má wulẹ̀ san owó náà sórí sáìtì, pé wọ́n á yọ nínú ẹ̀, kí n san án sí àkáǹtì òun ní báńkì, òun á sì dín in kù fún mi. Mo ní rárá. Abọ́dúnrìn kùn, ó ní kí ló dé tí mo fi ń ṣe bí ẹni tí kò fọkàn tán ọmọ ìlú ẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ ọmọ ìlú mi, kò ní bínú bí mo bá gba ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí agídí ọjọ́ yẹn. Òun nìkan ni kò jẹ́ kí owó náà ti lọ báyìí.

Inú àpótí pákó ni ẹrù náà wà nígbà tó dé sí gáréèjì. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e dé etí omi. Àwọn ọlọ́kọ̀ Ìpakodò pé jọ, wọ́n ń kí Abọ́dúnrìn kú oríire, ẹnì kan sì ti lọ gbé ohun mímu wá. Wọ́n tú àpótí, wọ́n rí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà tuntun ń dán lára ẹ̀. Wọ́n ṣí ìdérí. Búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé ló wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n to méjì lé ara wọn, wọ́n sì fi àkísà há a kó má baà máa mì lójú ọ̀nà. Abọ́dúnrìn gbọ́wọ́ lé búlọ́ọ̀kù náà bí ẹni ń wò ó bóyá ó gbóná, lẹ́yìn náà ló dá ìdérí padà sórí ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ ká mu ohun tí wọ́n gbé wá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọkùnrin etí omi ti ń pè é ní Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń sùn tì í ni mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ọn.

Mo gba kafé lọ lọ́jọ́ kejì, mo fi ẹ̀sùn kàn án. Mo ya fọ́tò àpótí àti ohun inú ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dáhùn pé àwọn ti di owó náà mú, àwọn sì ti ti orúkọ ọlọ́jà náà pa kó má lè ta nǹkan mọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí. Bí mo bá kọ ọ́ kó tó dìgbà náà pé mo ti rí ẹrù mi gbà, ẹ̀sùn ti pa rẹ́ nìyẹn, wọ́n á san owó fún un, n kò sì lè padà wá sọ ohun mìíràn láé. Bí n kò bá kọ ọ́, owó mi á padà sọ́wọ́ mi, wọ́n á sì lé e kúrò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú tí mo ń sá aṣọ, tí mo rí ìwọ àti Bàbá Fàósátù tí ẹ ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Inú mi dùn. Mo rò pé ìròyìn wa ti dé etí rẹ ni, pé o wá bá mi kẹ́dùn. Mo sáré gbé àga, mo bu omi, mo ti ń múra láti ro ẹjọ́ fún ọ, torí kò sí ẹlòmíì tí mo máa ń ro ẹjọ́ fún. Ìwọ ń wo ilẹ̀. Bàbá Fàósátù tẹ́ fìlà wọn sórí itan, wọ́n ní, ‘Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa wá, ọ̀rọ̀ ilé sì ni.’ Kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀, o ti kúnlẹ̀.

Ìwọ, Rọ̀kíbátù. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní iléèwé, a jọ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀, o ò kúnlẹ̀ fún mi rí, kò sì sí ìdí kankan tó fi yẹ kí o kúnlẹ̀ fún mi láyé yìí. Mo fà ọ́ dìde, mo rò pé ẹnì kan ló kú. Ìgbà náà ni o wá sọ fún mi pé Lukman ni Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi.

O ní kò mọ̀ pé èmi ni. Òótọ́ ni, torí kì í ṣe orúkọ mi ni mo ń jẹ́ lórí sáìtì, gáréèjì ni mo sì ní kí wọ́n gbé ẹrù dúró sí. Inú ẹ̀sùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ló ti wá rí orúkọ mi. O ní ká ní ó mọ̀ pé èmi ni, kò ní dán an wò. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà, bí mo bá sì ṣe ń rò ó tó ni inú mi ń ru tó. Ta ló wá yẹ kó gbé búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́ sí? Ṣé ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ni kó kàn? Ṣé ọkọ ẹlòmíì ni kí wọ́n máa pè ní Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù, kí àwa máa jẹun wa lọ?

Bàbá Fàósátù ní kí n fojú fo ọ̀rọ̀ náà, pé ọmọ ò ṣeé jù sómi. Wọ́n ní Lukman á wá owó mi dá padà díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà wá di ọwọ́ mi mú, o ní, ‘Tẹni, ìwọ ṣáà tẹ ibẹ̀ yẹn pé o ti rí i gbà, kí o kọ ọ̀rọ̀ rere díẹ̀ sí i kí wọ́n lè ṣí orúkọ ẹ̀. Kò ju ìtẹ̀ kan lọ. Agnes náà ṣe é nígbà tiẹ̀, kò bá wa fà á.’

Bóyá o ò tiẹ̀ mọ̀ pé o sọ ọ́. Èmi gbọ́ ọ. Mo bi ọ́ pé Agnes wo, o sì dá mi lóhùn láìfura pé Agnes tó ń tẹ̀wé nítòsí ọ́fíìsì káńsù. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó, mo sìn yín dé gáréèjì, mo san owó ọkọ̀ fún Bàbá Fàósátù. Ohun tí mo ń sọ nínú ara mi lójú ọ̀nà, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wá sí Ẹ̀pẹ́. Mo kọjá lẹ́nu ọjà Olúwo, n kò sì yà sọ́dọ̀ rẹ. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo rí Agnes ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, obìnrin tí ojú ẹ̀ tutù, tí kò tíì pé ogójì ọdún. Mo bi í pé ẹ̀rọ tó rà lórí gbàǹjo ńkọ́, ó sì wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó ní, ‘Mà, ẹ̀rọ fótókópì kankan ò dé o. Páálí ló dé, bébà ògbólógbòó ló kún inú ẹ̀. Mo ti kọ kọ̀mpléènì, wọ́n sì ti ń bá mi wò ó. Màmá yẹn àti bàbá àgbà kan ló wá síbí. Màmá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yìí, àwọn kọ́sítọ́mà ń wò mí bíi pé mo lu ìyá àgbà. Ẹni tó tó bí mi ló kúnlẹ̀, mà. Kí ni kí n ṣe?’

Mo bi í pé ọ̀rọ̀ tó kọ ńkọ́, pé ọmọ ilé ire ni. Ó ní ìwọ lo ní kó fi kún un. Ó ti kọ pé òun ti rí ẹrù gbà, o ní kò tíì tó, o ní kó kọ ‘ọmọ ilé ire’ sí i kó lè dùn létí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì fara wé ohùn rẹ débi pé mo mọ̀ pé kò purọ́. Ó ní òun rò pé Lukman nìkan ló máa kà á ni, pé ó dà bí ìgbà téèyàn bá ń kíni, wọn kì í ná owó lórí ìkíni. Lẹ́yìn náà ló bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré pé ṣé ẹnì kan ra nǹkan lórí ọ̀rọ̀ tóun kọ. Mo ní èmi ni. Ó bú sẹ́kún. Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń sunkún bẹ̀ mí, Rọ̀kíbátù, ó ń ní kí n má bínú.

Ẹ ṣèlérí fún un pé Lukman á dá owó ẹ̀ padà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni Lukman gbé fóònù òun. Tó bá ti ní ẹ̀dà ìwé tó fẹ́ ṣe fún kọ́sítọ́mà, ó ní láti gbé e sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lódìkejì títì, kó san owó níbẹ̀, kó tún sáré padà. Ohun kan ṣoṣo tó rí gbà lọ́wọ́ yín ni ẹja yíyan tí o gbé fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní ó dùn. Mo mọ̀ pé yóò dùn, torí ọwọ́ rẹ mọ ẹja yan, àmọ́ ẹja ò lè ṣe ẹ̀dà ìwé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an, kí o má rò pé owó ni. Mo mọ̀ pé a máa ń bẹ̀bẹ̀ láàárín ara wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí i, à bá ti pa ara wa tán. Bí Lukman bá wa mọ́tò kọ lu ògiri ilé mi, tí o rán ọmọdé lásán wá bẹ̀ mí, mo ti gbà, torí ògiri tèmi ni. Èyí tí ẹ ní kí n kọ yìí kì í ṣe tèmi láti fi tọrẹ. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló ń kà á, ó ń kà á kó lè mọ̀ bóyá kóun kó iṣẹ́ ọwọ́ òun lé ọmọ rẹ lọ́wọ́. Èmi á ṣe dáadáa, wọ́n á máa yìn mí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ pé mo níwà, ẹlòmíì tí n kò mọ ojú ẹ̀ á wá san án. Bí ẹ ṣe ṣe Agnes nìyẹn. Ẹ lò ó láti mú mi. Ẹ wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi báyìí kí ẹ lè lò mí láti mú ẹni tó kàn.

Má sọ fún mi pé o ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí o má mọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì, n kò bá ọ jà sí ìyẹn. Àmọ́ o mọ̀ pé Agnes ò rí ẹ̀rọ, o sì sọ ohun tó máa kọ fún un. Lọ́jà Olúwo níbẹ̀, bí ẹnì kan bá fi ẹja tó ti ń rùn sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, tó to èyí tó dára sórí ẹ̀, ìwọ lo máa kọ́kọ́ pariwo ẹ̀ títí gbogbo ọjà á fi gbọ́. Mo ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o ṣe é rí, mo sì fi ọ́ yangàn nílé.

Bàbá Fàósátù pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ gbé orúkọ ilé àwọn síta ni. Mo ní, ‘Ẹ má bínú, Bàbá, ta ló gbé e síta? Ṣé èmi tí mo ṣí àpótí ni, àbí ẹni tó di búlọ́ọ̀kù sínú ẹ̀?’ Wọ́n ní àwọn á tún pè mí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abọ́dúnrìn pàápàá ní kí n jẹ́ ká fi sílẹ̀, torí ó ń ronú nípa rẹ, ó ní ọ̀rẹ́ bíi tiwa kì í ṣe ohun téèyàn ń rí rà lórí gbàǹjo. Mo ní òótọ́ ló sọ. Mo ní ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń bo olè.

Nípa ti Lukman, ọwọ́ mi ló já sí lọ́jọ́ tí o bí i, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e fún ọ. N kò fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu kan ọlọ́pàá. Mo fẹ́ kó rí i pé ibì kan wà tí ìyá ẹ̀ ò lè bá a kúnlẹ̀ dé. O ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ tí mo mọ̀, lórí orúnkún tí mo ń fi oògùn ránṣẹ́ sí. Ṣé ó ti bẹ ẹnikẹ́ni fúnra ẹ̀ rí? Agnes ní òun ò mọ ojú ẹ̀. Èmi náà ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Kí n tó kúrò l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lánàá, Agnes bá mi lọ sí kafé. Ọ̀rọ̀ tó kọ tẹ́lẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́ mọ́, owó ẹ̀ sì ti lọ, àmọ́ wọ́n gbà á láàyè kó fi nǹkan kún un nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ò dé, pé wọ́n bẹ òun ni, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí òun rajà. Ó ń bi mí bóyá o máa bínú sí òun.

Ní tèmi, mo lọ sí kafé níbí láàárọ̀ yìí kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé n kò rí ẹ́ńjìnnì gbà àti pé n kò fa ọwọ́ ẹ̀sùn mi sẹ́yìn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, àfi bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè kan jáde tí n kò retí. Wọ́n ní ṣé mo mọ ọlọ́jà náà níta gbàǹjo, tàbí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ẹ̀. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n kọ rárá sí, torí ìyẹn ni ì bá mú un rọrùn fún èmi àti ìwọ. Mo mú un kúrò níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé: ‘Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi jù lọ ni. Èmi ni mo gbẹ̀bí ẹ̀.’

Kí Ọlọ́run tì ọ́ lẹ́yìn, Rọ̀kíbátù. Kó fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kó fún orúnkún rẹ lókun, kó má jẹ́ kí o kúnlẹ̀ mọ́ níwájú ẹnikẹ́ni àfi lórí ìrun rẹ. Kó tọ́ ọmọ wa sọ́nà. Kó bá mi rọ inú tó ń bí mi yìí, torí kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Bí o bá fẹ́ wá, ilẹ̀kùn mi ò tì, àga rẹ sì wà níbẹ̀. Ìwọ àti Lukman ni kí ẹ jọ wá, kí ẹ sì kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Agnes.

Èmi ni tìẹ, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí kò tíì di ọ̀tá rẹ,
Tẹniọlá.

Mo tún rántí: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi. Ọkùnrin kan láti Badagry ni, ó ka ọ̀rọ̀ méjèèjì tí Agnes kọ, ó kọ̀wé bi í lórí sáìtì, ó sì gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó ti orúkọ Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi pa, òun ló borí níbi gbàǹjo ẹ́ńjìnnì mìíràn tó gbé síbẹ̀, ọlọ́jà sì ń pe òun lójoojúmọ́ pé kóun san owó náà sí báńkì, ọ̀la lòun sì fẹ́ san án. Ó ní ìyá òun ló fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà kó ẹja lọ sọ́jà. Ó wá bi mí pé, ‘Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́, ṣé ọmọ ilé ire ni?’ Mo ti dá a lóhùn.